Oúnjẹ alẹ́ Sátidé: ẹ jẹ́ ká máa sè é fúnra wa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹnikẹ́ni kò bi mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí à ń rà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ń jẹ mí lọ́kàn. Owó rẹ̀ ti ń lé àwọn ọ̀dọ́ inú wa sá, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ènìyàn 3 ló tó lọ́sẹ̀ kan. Ẹnìkan á lọ sí ọjà Ìgbọ̀nà láàárọ̀, ẹnìkan á dáná, ẹnìkan á gba owó. Ẹni tó bá sè é kò ní san kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo wa fi orúkọ sílẹ̀ kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ká sì san owó lójú ẹsẹ̀. Ẹ ò gbàgbé ìgbà tí a sè fún ènìyàn 40, tí 16 péré wá? Odindi kúlà ẹ̀wà la gbé padà sílé.

Kóńgò ìrẹsì kan máa ń tó nǹkan bí ènìyàn 10 bí ẹ̀wà àti dòdò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ata lílọ̀, ẹ gbé e kaná títí omi rẹ̀ á fi gbẹ pátápátá kí ẹ tó da epo sí i. Epo díẹ̀ á tó nígbà náà.

Ẹ má ra ìkòkò rárá. Àwọn ìyá wa ní ńlá nílé. Ẹ ṣáà kọ orúkọ wọn sí ìdí rẹ̀ kó má baà sọnù.

Èmi ni n ó dáná ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo nílò ẹni 2.