Bí A Ṣe Ń Jí Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́ Tó Ti Sùn Pẹ́

Bí ẹ bá ní mọ́tò àtijọ́ kan tó ti wà lójú kan fún ọdún púpọ̀, tí ọkàn yín sì ń fà láti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ tilẹ̀ tú wáyà kan kúrò lórí bátìrì, kí ẹni tó ní ìwàǹwára má baà tan án lẹ́yìn yín. Ọwọ́ la fi ń jí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀.

Ara àwọn tó ń tọ́jú bàálù ajubọ́ǹbù ayé Ogun Àgbáyé Kejì ni mo ti rí èyí kọ́. Mo fẹ́ràn àwọn bàálù wọ̀nyẹn gan-an: B-17, B-25, B-29, Lancaster. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi wọ́n ṣe ni mo fẹ́ràn, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló kú lábẹ́ wọn àti nínú wọn. Ẹ́ńjìnnì wọn ni, àti sùúrù àwọn tí kò jẹ́ kí ó dákẹ́ títí dòní. Lancaster 7,377 ni wọ́n ṣe. Méjì péré ló kù tó ṣì lè fò, ọ̀kan ní Bìrìtìkó, èkejì ní Kánádà. Lọ́dún 2014, ti Kánádà fò kọjá òkun lọ bá èkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ fò lójú ọ̀run ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá rántí pé ẹ́ńjìnnì Merlin mẹ́jọ ló ń dún pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, orí mi á wú.

B-17 ní tirẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì Wright Cyclone mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní sìlíńdà (ihò irin tí epo ti ń jó) mẹ́sàn-án tí wọ́n tò yípo bí ìtànṣán oòrùn. Bí wọ́n ṣe tò yípo yẹn, àwọn kan dojú kọ ilẹ̀. Bí bàálù bá dúró, ọ́ìlì á máa rọra jò kọjá ríìǹgì tó yí písítìn ká (písítìn ni irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sìlíńdà), á sì gbára jọ sínú àwọn sìlíńdà ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, ọ́ìlì kò ṣeé fún. Bí sítátà bá yí ẹ́ńjìnnì náà lójijì, písítìn á kọlu ọ́ìlì, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráńkì (irin tó ń yípo nínú ẹ́ńjìnnì) á sì tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi máa ń tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ ti abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ́ńjìnnì náà yípo kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Bí ó bá há, wọn kì í fi agbára tì í. Wọn kì í sì í yí i padà sẹ́yìn, torí ọ́ìlì á kàn sá wọ páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni, yóò sì padà wá ba nǹkan jẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tan. Wọ́n á tú púlọ́ọ̀gì àwọn sìlíńdà ìsàlẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn jáde, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ti mọ́tò, ìpẹtà ni ọ̀tá. Ibi tí ríìǹgì ti fara kan ògiri sìlíńdà ni ọ̀rinrin ń bà sí, á sì lẹ àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá fi sítátà já a gbà lè ṣẹ́ ríìǹgì. Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, torí òun ló wà lọ́wọ́ èmi fúnra mi, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò yàtọ̀ púpọ̀ fún mọ́tò míì tó ń lo kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́.

Ẹ fẹ́ ìdọ̀tí tó wà nídìí púlọ́ọ̀gì kúrò, kí ẹ tó tú wọn, torí iyanrìn tó bá bọ́ sínú sìlíńdà kì í jáde bọ̀rọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sára wáyà kọ̀ọ̀kan. 1-4-3-2 ni àwọn sìlíńdà Ìjàpá ń tẹ̀ lé ara wọn láti gba iná. Ẹ to àwọn púlọ́ọ̀gì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde, kí ẹ fara balẹ̀ wò wọ́n. Èyí tó dúdú tó sì rin fún ọ́ìlì ń sọ pé ríìǹgì tàbí fáàfù ibẹ̀ ti jẹ. Èyí tó ní ìpẹtà ń sọ pé omi ti wọlé. Èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ilẹ̀ gbígbẹ, ara rẹ̀ yá.

Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kò ju ṣíbí kan lọ. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá dùbúlẹ̀ ni, kò nàró, nítorí náà ọ́ìlì tí ẹ bá kàn dà sí i á jókòó sápá ìsàlẹ̀, òkè kò ní rí nǹkan kan. Ẹ lo agolo ọ́ìlì onímú gígùn, kí ẹ fọ́n ọn yí ká. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá ti pẹ́ jù, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa fọ́n díẹ̀ kún un.

Bí ọ́ìlì ṣe ń wọra lọ yẹn, ẹ rántí pé ọwọ́ kan náà ló ṣe mọ́tò àti bàálù nígbà ogun. Ford ló kọ́ ilé iṣẹ́ Willow Run ní Michigan, níbi tí bàálù ajubọ́ǹbù B-24 kan ti ń jáde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan nígbà tí iṣẹ́ gbóná jù lọ́dún 1944. Packard, tó ń ṣe mọ́tò àwọn ọlọ́rọ̀ ní Detroit, ló ń ṣe Merlin tí wọ́n fi sínú ọ̀pọ̀ Lancaster. Kò yà mí lẹ́nu rárá pé ẹni tó bá mọ mọ́tò àtijọ́ tọ́jú máa ń lóye ẹ́ńjìnnì bàálù kíákíá.

Ó wá kan ọwọ́ yín. Ẹ fi jíà sí fíríì. Ẹ gbé sípánà 21 lé nọ́ọ̀tì jẹnẹrétọ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ bẹ́lítì kó má baà yọ̀, kí ẹ sì rọra yí i sápá ọ̀tún. Bí ó bá há, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ tún fọ́n ọ́ìlì sí i. Ẹ má fi páìpù gùn sípánà láé. Ìgbà tó bá yí pátá láìsí ibi tó ti kọ́, inú mi máa ń dùn ju ìgbà tó bá tan lọ.

Epo bẹntiróò tó ti pẹ́ nínú tánkì kò wúlò mọ́. Ẹ fà á dànù, kí ẹ fọ tánkì, kí ẹ sì tú kábúrétọ̀ fọ̀ dáadáa. Gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, tuntun ni kí ẹ fi rọ́pò wọn. Mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, rọ́bà tó ti sán sì ń jo epo sórí irin gbígbóná. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló ti bẹ́ẹ̀ jóná. Ẹ má gbé asẹ́ epo sókè ẹ́ńjìnnì. Kí ohun èlò ìpaná sì wà nítòsí.

Ọ́ìlì tuntun, lítà méjì ààbọ̀, kí ẹ fọ asẹ́ irin tó wà nísàlẹ̀. Àlàfo pọ́ìǹtì (irin kékeré méjì tó ń já iná púlọ́ọ̀gì), 0.4 mm. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ àti àwọn rọ́bà rẹ̀. Ẹ má fẹ́ eruku bíréèkì àtijọ́, torí ó lè ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú kóòdù DOT lára táyà ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2314 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014.

Ẹ wá so bátìrì padà, púlọ́ọ̀gì ṣì wà níta, kí ẹ yọ wáyà tó ń gbé iná lọ sí kọ́ìlì, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Ẹ fi sítátà yí i ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ máa sinmi láàárín, títí iná ọ́ìlì fi máa kú nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìgbà yẹn ni ọ́ìlì ti dé béárìn. Ẹ dá púlọ́ọ̀gì àti wáyà padà, ẹ ti mọ́tò sí gbangba, kí ẹ tan án.

Èéfín búlúù á bò yín. Ẹ má fòyà. Ọ́ìlì tí ẹ fọ́n síbẹ̀ ló ń jó, B-17 pàápàá ń rú irú rẹ̀ nígbà tó bá ń tan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ láti fi gbádùn ohùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó móoru, kí ẹ máa wò bóyá epo ń jò. Bí ó bá ti gbóná, ẹ pa á, kí ẹ sì tún da ọ́ìlì tuntun yẹn nù kí ó tó tutù, torí ó ti kó ìpẹtà mọ́ra. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, ẹ wọn àlàfo fáàfù bí ìwé mọ́tò yín ṣe sọ, kí ẹ tó gbé e jáde sí títì.