Rédíò Mọ́tò Ń Tàn Àmọ́ Kò Dún Mọ́: Ibi Tẹ́ Ẹ Máa Wá A Sí

Ẹ tan rédíò mọ́tò yín, iná ojú ẹ̀ ń tàn, nọ́ńbà ìkànnì hàn kedere, orúkọ orin ń kọjá lójú ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ sípíkà iwájú dákẹ́ rọ́rọ́, ti ẹ̀yìn náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé sípíkà ti jó, wọ́n á sì gba ọjà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Sípíkà mẹ́rin kì í sábà kú lọ́jọ́ kan náà. Tí gbogbo wọn bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nǹkan tí gbogbo wọn jọ ń lò ni kẹ́ ẹ fura sí: sẹ́tìn, iná, ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó so mọ́ irin bọ́dì mọ́tò), áńpílífáyà (ohun tó ń fún ohùn lágbára kó tó dé sípíkà), tàbí wáyà kan ṣoṣo tó ń da gbogbo wọn láàmú. Tó bá jẹ́ sípíkà kan péré ló dákẹ́, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà tó gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá, torí ojoojúmọ́ là ń ṣí i tá à ń tì í, ó máa ń já níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí kò ní ná yín lówó. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti tẹ MUTE, tojú rédíò àti tara sítíárìn. Ẹ wá wọ inú sẹ́tìn, ibi tí wọ́n kọ fader àti balance sí. Fader ló ń pín ohùn láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, balance ló ń pín in sọ́tùn-ún sósì. Tí wọ́n bá ti fader dé ẹ̀yìn pátápátá nínú mọ́tò tí kò ní sípíkà lẹ́yìn, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ gbọ́ nǹkan kan, ẹ dá méjèèjì padà sí 0. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ yí láti Bluetooth sí FM, láti FM sí USB. Tí FM bá dún tí Bluetooth ò dún, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀, fóònù ni kẹ́ ẹ dojú kọ, fólúùmù fóònù fúnra ẹ̀ yàtọ̀ sí ti rédíò, ó lè ti wá sí òdo. Fóònù tó bá ṣì rò pé òun wà lórí ìpè náà lè mú kí rédíò pa orin, ẹ já Bluetooth kẹ́ ẹ tún un so.

Tí ìyẹn ò bá ṣe é, ẹ wá ihò kékeré tí wọ́n kọ RESET sí, àwọn rédíò kan máa ń fi pamọ́ sẹ́yìn ojú wọn tó ń ṣí, ẹ fi ẹnu bírò tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan máa ń ní kí èèyàn yọ orí bátìrì dípò ẹ̀, ó ṣeé ṣe, àmọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bátìrì ẹ rí i dájú pé kóòdù rédíò wà lọ́wọ́ yín, torí ọ̀pọ̀ rédíò tó bá mọ́tò jáde nílé iṣẹ́ ló máa ń ti ara ẹ̀ pa tí iná bá ti já lára ẹ̀, á ní kẹ́ ẹ tẹ kóòdù kóun tó ṣiṣẹ́, ìṣòro kan á wá di méjì.

Ó kan fíùsì. Ibí lèèyàn ti máa ń ṣìnà: rédíò tó ń tanná, fíùsì tiẹ̀ kò tíì jó, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀. Fíùsì áńpílífáyà lẹ ń wá. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ní áńpílífáyà tó dá wà, lábẹ́ ìjókòó tàbí nínú búùtù, rédíò kàn ń fi orin ránṣẹ́ sí i ni, òun ló ń gbé e fún sípíkà. Fíùsì ẹ̀ máa wà nínú àpótí fíùsì, wọ́n sábà máa ń kọ AMP tàbí AUDIO sí i. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ ra mọ́tò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi áńpílífáyà sí i, ẹ wo ara wáyà ńlá tó ti ìdí bátìrì bọ̀, fíùsì kan yẹ kó wà níbẹ̀, òmíràn sì sábà máa ń wà lára áńpílífáyà fúnra ẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, tí irin tín-ín-rín inú ẹ̀ bá ti já, ó ti jó nìyẹn, àmọ́ ojú lè tan yín jẹ, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná ló dáa jù. Iye tí wọ́n kọ sí i lẹ máa fi pààrọ̀ ẹ̀, 15A fún 15A (A ni áńpíà, ìwọ̀n iná tí fíùsì lè gbà). Ẹni tó bá fi 30A sípò 15A, tàbí tó fi irin wé e, iná ló ń pè wá sínú mọ́tò, torí wáyà á gbóná á yọ́ kí fíùsì tó rí nǹkan kan ṣe. Tí fíùsì tuntun bá tún jó lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi òmíràn sí i, wáyà kan ti bríìjì níbì kan, ìyẹn ni pé ó ń kan ibi tí kò yẹ, ẹ lọ wá a.

Tí fíùsì bá pé, ẹ wò ó bóyá áńpílífáyà tiẹ̀ mọ̀ pé rédíò ti tàn. Wáyà búlúù tó ní ìlà funfun ló ń sọ fún un. Tí rédíò bá wà ní títàn, nǹkan bíi 12V gbọ́dọ̀ wà lára wáyà yẹn, tẹ́ ẹ bá pa rédíò kó lọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rédíò: rédíò tuntun wọlé, gbogbo nǹkan tàn, ìró ò sí, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn, bẹ́ẹ̀ búlúù-funfun yẹn ló wà lẹ́yìn níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò so mọ́ nǹkan kan. Ẹ ṣọ́ra o, búlúù tí kò ní ìlà yàtọ̀, ti éríà (àńtẹ́nà rédíò) ni, nínú ọ̀pọ̀ rédíò ìgbà tí FM bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni iná máa ń wà lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá lọ so áńpílífáyà mọ́ ọn, á dún lórí FM, á dákẹ́ lórí USB, á sì máa rú yín lójú. Àwọ̀ tí mò ń dá yìí, ti rédíò tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ni, wáyà tó bá mọ́tò wá ní àwọ̀ tiẹ̀.

Wáyà búráùn náà wà lẹ́yìn àwọn rédíò kan, wọ́n máa ń kọ MUTE sí i lára. Tó bá ti kan ẹ́ẹ̀tì, rédíò á pa ohùn, torí pé fún ìpè fóònù ni wọ́n ṣe é. Tí ẹni tó so rédíò ò bá lò ó tó sì fi ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò, ọjọ́ tí mọ́tò bá gbọ̀n tó lọ kan irin, orin parí nìyẹn. Ẹ fi téèpù wé ẹnu ẹ̀ dáadáa.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù rèé, pàápàá tí mọ́tò yín ò bá ní áńpílífáyà tó dá wà. Inú rédíò ni ááìsì (IC) kékeré kan wà tó ń gbé ohùn fún sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Wọ́n ṣe é pé tí wáyà sípíkà kankan bá kan bọ́dì mọ́tò, tàbí tí méjì bá kan ara wọn, kó yáa dákẹ́ kó má bàa jó. Torí náà wáyà ilẹ̀kùn kan tó bó lára, tàbí ìdí sípíkà kan tó ń kan irin, lè pa àwọn mẹ́ta tó kù tí wọn ò ṣẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àwọn rédíò kan á kọ PROTECT sójú, àwọn míì ò ní sọ nǹkan kan. Mọ́tò àtijọ́ tí sípíkà ẹ̀ ń lo bọ́dì ṣe ẹ́ẹ̀tì náà wà nínú ẹ̀, rédíò òde òní ò ní gbà fún un, àfi kẹ́ ẹ fa wáyà méjì méjì fún sípíkà kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ pa mọ́tò, ẹ fa rédíò jáde, ẹ wá wáyà sípíkà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ: funfun ni ti iwájú lósì, grẹ́è ni ti iwájú lọ́tùn-ún, gírínì ni ti ẹ̀yìn lósì, pọ́pù (àwọ̀ àlùkò) ni ti ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èkejì ẹ̀ tó ní ìlà dúdú. Ẹ já gbogbo ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnu wọn kan ara wọn. Ẹ mú sípíkà kan tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó dáa, ẹ so ó tààrà mọ́ funfun àti funfun onílà dúdú tó ti ẹ̀yìn rédíò jáde, kẹ́ ẹ wá tan rédíò. Tó bá dún, rédíò ò ṣe nǹkan kan, wáyà inú mọ́tò ni wàhálà wà. Ẹ máa so ti mọ́tò padà ní méjì méjì, kẹ́ ẹ máa pa rédíò kẹ́ ẹ tó so, kẹ́ ẹ tún tàn án. Èyí tẹ́ ẹ bá so tí gbogbo ẹ̀ tún dákẹ́, ẹ ti mú olè. Ilẹ̀kùn yẹn ni kẹ́ ẹ tú, ẹ má tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Tí mítà bá wà, iṣẹ́ yá sí i. Nígbà tí wáyà ṣì wà ní jíjá, ẹ gbé mítà sí ohm kẹ́ ẹ wọn sípíkà, èyí tí wọ́n kọ 4 ohm sí máa ka nǹkan bíi 3 sí 4, tí kò bá ka nǹkan kan, okùn inú ẹ̀ ti já. Láàárín wáyà sípíkà àti irin bọ́dì, kò gbọ́dọ̀ ka nǹkan kan rárá, tó bá kà á, ó ń kan ibì kan. Ẹ wá tan rédíò, ẹ gbé mítà sí DC, ẹ fi dúdú ẹ̀ kan ẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ fi pupa ẹ̀ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wáyà mẹ́jọ tó ti rédíò jáde: nínú èyí tó pọ̀ jù lára rédíò òde òní, nǹkan bíi 6V, ìdajì iná bátìrì, ló yẹ kó wà lára wọn. Tí gbogbo ẹ̀ bá ka 0 láìsí sípíkà kankan lára ẹ̀, tí MUTE ò sì sí ní títẹ̀, ááìsì ò jí nìyẹn.

Ẹ́ẹ̀tì náà o, ẹ má fojú di í. Bóòtù tí wọ́n dè mọ́ orí ọ̀dà ò kan irin, ẹ fi sáńdìpépà ha ibẹ̀ títí irin á fi dán. Bátìrì tó pé máa ń ka nǹkan bíi 12.6V tẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́, á sì kọjá 13.5V tó bá ń ṣiṣẹ́, tí iná bá lọ sílẹ̀ jù áńpílífáyà máa ń pa ara ẹ̀. Tí orin bá ń dákẹ́ tẹ́ ẹ bá ti lò ó pẹ́, tó ń padà tó bá tutù, ooru ló ń ṣe áńpílífáyà, ẹ yọ ẹrù tẹ́ ẹ kó lé e lórí.

Tó bá wá dájú pé ááìsì inú rédíò ló kú, ẹ wo ẹ̀yìn rédíò bóyá ihò RCA (ihò róbótó tí wọ́n ń ki wáyà orin bọ̀) wà níbẹ̀, torí ohùn tó ń gba ibẹ̀ jáde kì í gba inú ááìsì yẹn kọjá. Ẹ ra áńpílífáyà kékeré tó lè gbé sípíkà mẹ́rin, ẹ fi RCA gbé orin wá fún un, ẹ so búlúù-funfun mọ́ ọn kó lè máa tàn, kẹ́ ẹ so sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ òun dípò rédíò, rédíò yẹn á tún máa ṣiṣẹ́ lọ.