Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe àpéjọ ní hòtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú Atlanta

Bí ẹgbẹ́ bá ti fẹnu kò pé Atlanta ni àpéjọ ọdún tó ń bọ̀ yóò ti wáyé, ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Èló ni yàrá lóru kan?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń tú àpò ẹgbẹ́. Owó tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín alága àti akápò wà nínú ìwé àdéhùn, ní àwọn ojú ewé tí a kì í kà tán kí a tó buwọ́ lù wọ́n. Lọ́bì tó ń dán gbinrin àti àwòrán adágún ìwẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí nínú ìwé yẹn.

Má dá ọjọ́ kí o tó wo ohun tí ìlú ń ṣe

Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń gba àpéjọ ní àárín ìlú Atlanta kò jìnnà síra. Hyatt Regency, Marriott Marquis, Hilton, Courtland Grand (tó ń jẹ́ Sheraton tẹ́lẹ̀) àti Westin Peachtree Plaza, ẹsẹ̀ lo lè fi rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Ìdí nìyẹn tí ayẹyẹ kan ṣoṣo fi lè gba gbogbo wọn pátá. Ìsinmi Labor Day, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ló burú jù. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n àsìkò yẹn gan-an ni Dragon Con, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìtàn àròsọ àti eré orí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, máa ń gba hòtẹ́ẹ̀lì márààrún. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí yàrá, owó rẹ̀ á ti fò sókè, àwọn bàbá wa tó wọ agbádá á sì máa bá àwọn tó wọ aṣọ jagunjagun ojú sánmà du lífìtì.

Oṣù Kìíní àti oṣù Keje náà ní tiwọn, torí pé ìgbà yẹn ni àwọn oníṣòwò ẹ̀bùn àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé máa ń ya wá sí AmericasMart, ilé ọjà ńlá àwọn oníṣòwò ní àárín ìlú. Ẹ wo ọjọ́ tí eré bọ́ọ̀lù tàbí eré orin ńlá bá wà ní Mercedes-Benz Stadium àti State Farm Arena pẹ̀lú. Ìbéèrè kan sì wà tí ìgbìmọ̀ kì í sábà béèrè: ta ló máa wà nínú gbọ̀ngàn tó kàn wá lálẹ́ ọjọ́ Sátidé? Ògiri tó pín ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì sí méjì jẹ́ èyí tí wọ́n ń fà síhìn-ín fà sọ́hùn-ún. Ìlù ìgbéyàwó ẹlòmíràn lè bo ọ̀rọ̀ olùbánisọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀.

Má fi ìyangàn ka iye yàrá

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Hòtẹ́ẹ̀lì lè dín owó gbọ̀ngàn kù fún yín, ó tilẹ̀ lè fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ẹ ṣèlérí láti kún yàrá. Ìlérí yẹn ní ìyà tirẹ̀. Nínú ìwé àdéhùn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ attrition sí, ìyẹn owó tí ẹ máa san fún yàrá tí ẹ kò kún, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ mú yàrá 100 sílẹ̀ fún òru 3, ó di 300. Ìwé àdéhùn ní kí ẹ kún 80% ó kéré tán, ìyẹn 240. Nígbà tí àpéjọ parí, 180 péré ni ẹ lò. Ó ku 60. Bí yàrá bá jẹ́ $189 lóru, $11,340 ni ẹgbẹ́ máa san fún ibùsùn tí ẹnì kankan kò fẹ̀yìn lé.

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn wá o! Gbọ̀ngàn kún. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀gbọ́n wọn ní Marietta, tàbí ilé ọ̀rẹ́ wọn ní Stone Mountain, ni wọ́n sùn. Èèyàn wa pọ̀ gan-an ní Atlanta, nítorí náà kí ẹgbẹ́ má ṣe ṣírò bí ẹni pé gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ló máa gba yàrá. Àwọn mìíràn sì sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an, àmọ́ wọ́n gba yàrá lórí ìkànnì mìíràn tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ dín. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ pé kí hòtẹ́ẹ̀lì fi orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wé ìwé àlejò rẹ̀, wọn kò ní ka irú yàrá bẹ́ẹ̀ mọ́ yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ẹ wo iye yàrá tí ẹgbẹ́ lò gan-an ní ọdún tó kọjá àti èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ má wo iye tí ẹ retí. Ẹ mú èyí tó kéré, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ lè fi kún un ní owó kan náà bí àyè bá ṣì wà. Ẹ béèrè pé bí hòtẹ́ẹ̀lì bá rí ẹlòmíràn ta yàrá náà fún, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè yín. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé èrè tí wọ́n pàdánù nìkan ni kí ẹ san, kì í ṣe gbogbo owó yàrá, nítorí yàrá tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ kò nílò ẹni tó máa gbá a. Ẹni tó ń ta yàrá fún hòtẹ́ẹ̀lì ti gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ yìí rí, kò ní bínú. Ọjọ́ tí wọ́n máa tú yàrá tó kù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ńkọ́? Ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù kan ṣáájú àpéjọ, ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú àtira tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ máa kéde ọjọ́ yẹn títí ó fi máa sú àwọn èèyàn.

Ẹ má sì kéde $189 lásán. Lórí owó yàrá ní Atlanta, owó orí hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́ 8%, owó orí ọjà jẹ́ 8.9%, ìpínlẹ̀ Georgia sì ti ń gba $5 lé e lóru kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2015. $189 ti di nǹkan bíi $226 kí àlejò tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí ẹ kò sọ fún, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ló máa gbé ìbínú rẹ̀ wá.

Oúnjẹ

Iye tó wà lórí ìwé oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì kọ́ ni iye tí ẹ máa san. Bí ẹ bá rí àmì ++ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, service charge (owó iṣẹ́ tí hòtẹ́ẹ̀lì ń fi lé iye oúnjẹ) àti owó orí ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, owó orí náà sì máa ń gun orí service charge. Oúnjẹ $70, pẹ̀lú service charge 25%, di $87.50, fi 8.9% lé e, ó di $95.29 fún ẹnì kan. Ẹ sọ ọ́ di igba èèyàn, kí ẹ tó sọ iye tí tíkẹ́ẹ̀tì àsè máa jẹ́. Iye owó oúnjẹ tó kéré jù tí ìwé àdéhùn ní kí ẹ ná, iye orí oúnjẹ nìkan ni wọ́n sábà máa ń kà sí i. Service charge àti owó orí kì í sí níbẹ̀.

Alásè tiwa wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kì í gba oúnjẹ ìta wọlé rárá. Àwọn tó ń gbà á máa ń gba owó lórí rẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ rí ìwé àṣẹ alásè àti ìwé adójútòfò rẹ̀. Ẹ parí ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Kúlà ìrẹsì tí ẹnì kan bá fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé gbé wọlé lálẹ́ Sátidé lè di owó ìtanràn lọ́jọ́ Àìkú, mo sì ti rí ibi tó ti rí bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amóhùndúngbẹ̀mù àti projector. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè mú tiyín wá, àti èló ni wọ́n máa gbà láti so máíkì yín mọ́ spíkà inú gbọ̀ngàn. Ẹ béèrè owó iná àti íntánẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn pẹ̀lú, nítorí Wi-Fi inú yàrá kì í sábà dé ibẹ̀.

Má gba iye àga inú ìwé ìpolówó gbọ́

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ní ó gba 500, àga tí wọ́n tò bíi ti sinimá ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, láìsí pèpéle, láìsí ààyè ijó. Ẹ gbé tábìlì roboto oní-mẹ́wàá-mẹ́wàá wọ inú rẹ̀, ó lè máà tó 300 mọ́. Ẹ fi pèpéle àti ibi ijó kún un, ó tún dínkù. Akọ̀wé á wá sọ pé kí wọ́n fún àga pọ̀ díẹ̀ sí i. Hòtẹ́ẹ̀lì á kọ̀, àwa náà á ní wọ́n ń yájú sí wa.

Ìlú yìí ní ìdí tó fi ń bẹ̀rù kí èrò há mọ́lé nígbà iná. Lórí Peachtree Street, nínú àdúgbò kan náà yìí, hòtẹ́ẹ̀lì Winecoff jóná ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1946, èèyàn 119 sì kú. Wọ́n ti polówó ilé alájà 15 yẹn pé iná kò lè ràn án. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí téèyàn lè gbà sá jáde láti ìta. Ilé náà ṣì dúró. Ellis Hotel ni wọ́n ń pè é báyìí. Bí òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì bá ní kí ẹ gbé tábìlì kúrò níwájú ilẹ̀kùn àbájáde, ẹ gbé e kúrò.

Àdírẹ́sì, ọkọ̀, àti òkè

Hyatt Regency wà ní 265 Peachtree Street. Marriott Marquis wà ní 265 Peachtree Center Avenue. Nọ́ńbà kan náà! Àwọn òpópónà tó ń jẹ́ Peachtree ní Atlanta pọ̀ ju ohun tí àlejò lè rántí lọ. Bí ẹ bá kọ "265 Peachtree" lásán sórí ìwé ìpè, ìdajì àlejò máa sọ̀kalẹ̀ síbi tí kì í ṣe tiyín. Ẹ kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì gàdàgbà. Afárá onígíláàsì kan so Hilton mọ́ Marriott náà lókè títì, ẹni tí kò mọ̀ lè gba orí rẹ̀ kọjá láì fura.

Láti pápákọ̀ òfuurufú, ẹ má jẹ́ kí gbogbo èèyàn wọ takisí. Ọkọ̀ ojú irin MARTA, ìlà pupa tàbí ìlà wúrà, ń lọ tààrà sí ibùdókọ̀ Peachtree Center fún $2.50, kò sì ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ibùdókọ̀ náà sí, ó jìn tó nǹkan bí 120 ẹsẹ̀ bàtà sísàlẹ̀, àtẹ̀gùn oníná rẹ̀ sì gùn débi pé ojú lè máa yí àwọn àgbà. Lífìtì wà, ẹ sọ fún wọn.

Ohun kan tún wà nípa ojú tó ń yíni. Ayàwòrán ilé John Portman ló ya Hyatt Regency, tí wọ́n ṣí ní 1967, àti Marriott Marquis, tí wọ́n ṣí ní 1985. Inú méjèèjì ṣófo láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá sì dojú kọ àlàfo yẹn. Ó lẹ́wà púpọ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù ibi gíga kò ní gbádùn rẹ̀ ní àjà ogójì, nítorí náà ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀ fún un.

Ìgbafẹ́ kì í ṣe ohun à ń há sáàárín ìpàdé

Ìgbìmọ̀ á kọ ọ́ sínú ètò pé: "12 sí 2, ìrìn àjò afẹ́." Wákàtí méjì kò tó fún Georgia Aquarium nìkan, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú whale shark, ẹja tó tóbi jù lọ láyé. Sátidé ni èrò sì ń pọ̀ jù níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ní àkókò tirẹ̀, nítorí náà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti rà á ṣáájú. World of Coca-Cola àti National Center for Civil and Human Rights wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lódìkejì Centennial Olympic Park, ọgbà tí wọ́n ṣe fún ìdíje Òlíḿpíìkì 1996. Láti Peachtree Street, ìsọ̀kalẹ̀ ni ọ̀nà ibẹ̀. Ìpadàbọ̀, òkè ni, nínú oòrùn oṣù Keje.

Bí ọ̀sán kan ṣoṣo ni ẹ ní, èmi kò ní fi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò wò. Àdúgbò Martin Luther King Jr. ní Auburn Avenue ni mo máa kó àwọn èèyàn lọ: ṣọ́ọ̀ṣì Ebenezer, àti ibojì òun àti Coretta aya rẹ̀ láàárín adágún omi. Ọ̀fẹ́ ni. Ọkọ̀ streetcar láti ọgbà Òlíḿpíìkì ń dé ibẹ̀ fún $1. Ẹ má kàn ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ẹ máa wọ ilé tí wọ́n bí King sí: wọ́n tì í ní oṣù Kọkànlá 2023 fún àtúnṣe, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ National Park Service, àjọ ìjọba tó ń bójú tó o, kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ètò.

Ọjọ́ Àìkú

Ìdúpẹ́ parí ní aago méjì, hòtẹ́ẹ̀lì sì ń gba kọ́kọ́rọ́ padà ní mọ́kànlá. Ẹ bẹ hòtẹ́ẹ̀lì ṣáájú fún yàrá kan tí ẹ máa kó ẹrù sí, kí àwọn ìyá wa má bàa fa àpótí wọ inú ìsìn. Àwọn tó ń bá MARTA padà sí pápákọ̀ òfuurufú sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń rìn láàárín Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ ojú irin ń já wọn sí. Ilé àwọn tó ń lọ sókè òkun, Maynard H. Jackson International Terminal, wà ní òdìkejì pápákọ̀ náà. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀, ẹni tó ń lọ sí Èkó sì gbọ́dọ̀ fi àkókò bọ́ọ̀sì yẹn kún ìrìn àjò rẹ̀.