Ẹyẹ Ti Jẹun Tán Kí Ẹ Tó Dé: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹ̀yin Tó Ń Sin Ọmọ Ẹja Àrọ̀

Òfò ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ló fa ìwé yìí. Àwọn kan kó ọmọ àrọ̀ sínú adágún, wọ́n ń bu oúnjẹ sí i lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n máa kó o tà, iye tó jáde kò tó ìdajì. Àwọn kan ní olè ni, àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. A bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n ń dé ọgbà. Aago mẹ́sàn-án, ni gbogbo wọn wí.

Aago mẹ́sàn-án! Ẹyẹ tó ń jẹ ẹja kì í dúró dè yín. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, wọ́n á tún padà wá tí oòrùn bá rọlẹ̀. Lékeléke tó ń ṣa tata nínú koríko ni ẹ ń bá níbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, òun lẹ sì ń sọ lókò.

Ọ̀rọ̀ lékeléke yìí ti sú wa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìdí nìyẹn tí ẹ̀sùn fi ń bá a. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: ó kúrú, ó pọ́n bí ìyeyè. Èyí tó ń kó yín lẹ́ja jẹ náà funfun, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ gùn, ó dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, àfi ìka ẹsẹ̀ nìkan ló pọ́n, bí ẹni pé ó ki í bọ inú epo. Á dúró sétí omi, á máa fi ẹsẹ̀ kan rú ẹrẹ̀, ọmọ ẹja á ta jáde, ó ti gbé e mì.

Ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú òun funfun kì í rìn létí omi ní tirẹ̀. Á dúró lójú òfúrufú, á máa ju apá pìpìpì, lójijì á já ṣòòròṣò sínú omi. Ọmọ àrọ̀ a máa gòkè wá mí, ojú omi ló ti ń bá a. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni apẹja wà pẹ̀lú yín. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ló ń fọ́n ká sínú àkùrọ̀ nígbà òjò. Tó bá di oṣù kọkànlá, tí odò kéékèèké ń gbẹ, omi yín ni wọ́n ń dà sí, pẹ̀lú ẹyẹ eléérú ọlọ́rùn gígùn tí àwọn kan nínú wọn ń ti Yúróòpù bọ̀.

Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ẹ jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, aago 6:00 sí 7:30 àárọ̀, 5:30 sí 6:45 ìrọ̀lẹ́, ní mítà 15 sí omi. Ẹ má wọ aṣọ funfun. Ẹ kọ ọjọ́, aago, irú ẹyẹ, iye wọn, àti iye ìgbà tí wọ́n gbé ẹja mì. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹni tó ní òun á rántí tóun bá délé, irọ́ ló ń pa.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá, tí ẹyẹ ò gbé nǹkan kan, tí ẹja sì ń dín, inú omi ni olè wà: àwọn tó yára tóbi ló ń jẹ àwọn àbúrò wọn. Ẹ máa ṣà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọjọ́ 7 sí 10 síra.

Bó bá jẹ́ ẹyẹ ni, ẹ ta àwọ̀n. Kí ojú rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kó ga ju omi lọ ní sẹ̀ǹtímítà 50, kí ẹ fà á le bí awọ gángan. Bó bá rọ̀ débi omi, ẹyẹ á dúró lé e, á máa tibẹ̀ ṣa ẹja yín. Ẹ má lo àwọ̀n ẹja àtijọ́ tó tín-ín-rín. Ìyẹn ń so ẹyẹ lápá títí á fi kú. Gamalin, oògùn apakòkòrò yẹn, ńkọ́? Rárá o! Inú omi kan náà ni ẹja tí ẹ máa jẹ wà. Ẹ fi òkúta tẹ etí àwọ̀n mọ́lẹ̀ yíká, torí ẹlẹ́nu dúdú yẹn, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wọlé.