Ṣé Kí Ajá Mi Bímọ? Àwọn Ìbéèrè Tí A Kò Yé Dáhùn

Láti Adó dé Ìjerò, láti Ìkéré dé Òmùò, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ní abo ajá máa ń kọ́kọ́ bi wá: akọ wo ni kí a gbé e fún? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti orí akọ ti fo ibi tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ó yẹ kí ajá náà bí rárá. Ẹnu wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó tú okùn lọ́rùn rẹ̀.

Wọ́n ní abo ajá gbọ́dọ̀ bímọ lẹ́ẹ̀kan kí ara rẹ̀ tó le.
Irọ́ ni. Ọ̀kan lára ohun tó ń pa abo ajá tó ti dàgbà ni ọyún tó ń kún ilé ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó bá wá akọ tán. Bíbí kì í dènà ìyẹn. Iṣẹ́ abẹ tó ń yọ ilé ọmọ kúrò ló ń dènà rẹ̀.

Oṣù 8 ni, ẹ̀jẹ̀ ti ń kán. Ṣé ó ti tó?
Kò tó. Ẹ dúró títí di nǹkan bí ọdún 2. Ẹ tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ 3, nítorí akọ àdúgbò máa ń fo ọgbà.

Kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan.
Ẹ má gbé e fún akọ. Inú wàrà àkọ́kọ́ ìyá ni ọmọ ti ń rí ààbò ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ gbà. Ìyá tí kò ní in kò lè fún ọmọ. Bí parvo, àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń pa ọmọ ajá, bá sì wọ àgbàlá yín, ó lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ.

Èló ni màá rí lórí rẹ̀?
Ẹ kọ́kọ́ ka èló lẹ máa ná. Ọmọ ajá kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Láti ọ̀sẹ̀ 4 ni wọ́n ti ń jẹun. Oògùn aràn wà ní ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6 àti 8, abẹ́rẹ́ àjẹsára bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ti digbòlugi ní oṣù 3. Ẹ fi iye ọmọ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ kún un. Ẹni tó sọ pé òun máa ra ọ̀kan ṣùgbọ́n tí kò tíì san àsansílẹ̀, ẹ má kà á mọ́ oníbàárà.

Ẹran pupa kan yọ lójú ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀ kò dá.
Ìyẹn kì í ṣe pé ó ń wá akọ. Kókó tí ajá ń kó ran ara wọn nípa gígùn ni, ó sì pọ̀ láàárín ajá tó ń rìn káàkiri. Abẹ́rẹ́ vincristine lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lọ́wọ́ dókítà ẹran nìkan, ló sábà máa ń wò ó sàn. Ẹ ní kí wọ́n ṣí okó akọ náà hàn yín kó tó gun ajá yín.

A gbé e fún akọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò lóyún.
Ọjọ́ ni ẹ ṣì. Àwọn èèyàn ti di ọjọ́ kẹwàá mú bí òfin, bẹ́ẹ̀ abo kan lè ṣe tán ní ọjọ́ 7, òmíràn di ọjọ́ 20. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ náà: nígbà tó bá dà bí omi tí a fi ṣan ẹran, tó sì ń gbé ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, àsìkò ti tó. Ẹ jẹ́ kó gùn ún, kí ẹ fo ọjọ́ kan, kó tún gùn ún. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún progesterone, èròjà inú ara tó ń fi àsìkò ẹyin hàn, ló dájú jù. Ṣùgbọ́n bí oyún bá wà tó sì wálẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 45, ẹ fura sí Brucella, kòkòrò àrùn tó ń mú kí oyún wálẹ̀. Ó ń ran èèyàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tó jáde.

Ọmọ 8 ló bí. Láti ọjọ́ kẹta ni wọ́n ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé iṣẹ́ ayé ni?
Òtútù ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ìṣòro yìí ló ti gba agbára wa jù, nítorí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ náà là gan-an ló sábà máa ń parí ikú rẹ̀. Ọmọ ajá tuntun kò lè gbọ̀n láti mú ara rẹ̀ gbóná. Ooru ìyá àti ti ibùsùn ló gbójú lé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè nígbà ọyẹ́, tó bá fi máa di ìdájí, sìmẹ́ńtì á ti fa gbogbo ooru ara rẹ̀ mu. Bí ara rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tó 34°C, ìfun á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ìyá pàápàá á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Olówó rẹ̀ á gbọ́ tó ń ké, á ní ebi ni, á po wàrà inú agolo, á rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Wàrà náà kò ní dà níkùn. Á kan síbẹ̀, tàbí kó gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Nítorí náà, ẹ fọwọ́, kí ẹ ki ìka kékeré bọ ọmọ náà lẹ́nu. Tí ẹnu bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì fa ìka yín, ebi ni. Ẹ gbé e sẹ́nu ọmú ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wàrà ti sábà máa ń pọ̀. Tí ẹnu bá tutù bí omi inú àmù, tí kò fà, ẹ má fún un ní ohunkóhun mì. Ẹ fi sí abẹ́ aṣọ yín, kí ara rẹ̀ kan ara yín, tàbí kí ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, kí ẹ fi aṣọ ìnura wé e, kí ẹ tẹ́ ẹ tì í. Ó lè gba wákàtí 1 sí 3. Ẹ má gbé e sídìí ààrò, ẹ má kì í bọ omi gbígbóná. Bí awọ bá yára gbóná nígbà tí inú ṣì tutù, ọkàn rẹ̀ kò ní lè gbé e. Ẹ lè fi omi gulukóòsì ra èrìgì rẹ̀ lákòókò yìí, kán kan, kán kan.

Ibùsùn náà ńkọ́? Àpótí tí kò kanlẹ̀, aṣọ gbígbẹ nínú rẹ̀, ooru 29 sí 32°C ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìdajì nìkan ni kí ẹ mú gbóná, kí wọ́n lè rá kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá gun orí ara wọn, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá fọ́n ká tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru pọ̀ jù. Ẹ má gbójú lé iná ìjọba. Ẹ ṣètò ike omi gbígbóná tí ẹ máa pààrọ̀ lóru.

Ẹ tún fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láràárọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ 8 sí 10, ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti di ìlọ́po méjì. Èyí tó ń fọn lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ ti wà nínú ewu kó tó ké rárá.

Bí ara wọn bá gbóná dáadáa tí wọ́n ṣì ń kú, ẹ tẹ ọmú ìyá wò: ṣé ó le, ṣé ó gbóná, ṣé ọyún ń jáde? Ẹ ya ẹnu ọmọ, bóyá àjà ẹnu rẹ̀ là. Ẹ wo ìdodo, bóyá ó pupa tàbí ó ń rùn. Bí ọmọ 2 bá kú lọ́jọ́ kan náà, ẹ gbé òkú àti ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ó ń rọbí, kò rí ọmọ bí.
Ẹ pe dókítà ẹran báyìí bí ó bá ti ń rọbí gidigidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí ọmọ, bí wákàtí 2 bá kọjá láàárín ọmọ kan sí èkejì, tàbí bí omi aláwọ̀ ewé bá jáde ṣáájú ọmọ àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní oxytocin, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀, nílé. Bí ọmọ bá há, ilé ọmọ lè fà ya. Bí ó bá bí tán tó wá ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le gbagidi, kálísíọ̀mù ti tán lára rẹ̀, wákàtí díẹ̀ ló kù fún un.

Ẹ̀yin tó wà ní Òmùò tàbí Ìkọ̀lé, ẹ wá dókítà ẹran tó ń gbé fóònù lóru àti ọkọ̀ tó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ajá náà tó lóyún. Bí ẹ kò bá tíì rí méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí akọ gùn ún ní ìgbà yìí.