Bí mo ṣe fi òkúta Mambilla ṣe òrùka ìyàwó mi

Àǹtí mi tó ń gbé ní Gwarinpa l'Ábújá ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ní 2014 ni ọkọ wọn ra òrùka dáyámọ́ńdì fún wọn ní Dubai, rísíìtì ẹ̀ ṣì wà nínú báàgì wọn di òní. Nígbà tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ dé, wọ́n ní kí n bá àwọn mú un lọ tà. Èmi náà ti ń wá òrùka tí màá fi bẹ Bùkọ́lá pé kó fẹ́ mi, mo ní ó dáa, ẹsẹ̀ kan náà ni màá fi ṣe méjèèjì.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta la wọ̀ ní Wuse. Ẹni àkọ́kọ́ wọn góòlù ẹ̀ lórí síkéèlì, ó ṣírò ẹ̀ dáadáa, ìgbà tó kan òkúta ó ní òun ò lè san kọ́bọ̀ lé ìyẹn lórí. Ẹni kejì pe iye tí ò tó ìdá mẹ́ta ohun tó wà lórí rísíìtì. Ẹnì kẹta ò tiẹ̀ gbé e sójú, ó ní tí òun bá nílò dáyámọ́ńdì, òun máa pe ẹni tó ń gbé e wá fún òun ní owó ọlọ́jà. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà ni wọ́n ti ń ta òrùka tí òkúta ẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ kárátì ní mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin o, ààbọ̀ kárátì sì rèé, ìdá mẹ́wàá gíráàmù kan ni, kò tó ẹ̀wà kan. Àǹtí wò mí, wọ́n ní, "Ṣé tiwọn ló wá jẹ́ òkúta, tèmi jẹ́ yangí?"

A ò tà á. Mo délé mo bẹ̀rẹ̀ sí kà nípa ẹ̀, ìgbà yẹn ni mo rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láyé àtijọ́ Íńdíà àti Brazil ni dáyámọ́ńdì ti ń wá, díẹ̀díẹ̀. Àfi ìgbà tó di ọdún 1860 sókè tí wọ́n bá a ní South Africa, tó wá pọ̀ ní Kimberley débi pé ẹ̀rù ń ba àwọn tó ń wà á kó má lọ di ọjà pọ̀ọ́kú. Ní 1888 òyìnbó kan tó ń jẹ́ Cecil Rhodes kó àwọn ibi ìwakùsà yẹn jọ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan, De Beers, fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn yẹn ló ń pinnu iye tó máa jáde sọ́jà. Ní 1947 ni obìnrin kan tó ń bá wọn kọ ìpolówó, Frances Gerety, wá kọ ọ́ pé "A Diamond Is Forever", pé títí ayé ni dáyámọ́ńdì. Ọgbọ́n ńlá ni, torí tó bá jẹ́ títí ayé, ta ló fẹ́ mú tiẹ̀ wá tà? Ẹni tó bá sì mú un wá, bí wọ́n ṣe ṣe fún àǹtí mi náà ni. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, tí ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ti rí ṣe láti 1954, kábọ̀n kan náà ni, owó ẹ̀ sì ti já wálẹ̀ gan-an. Àwa tí a ń kó obì, orógbó, ataare àti oyin síwájú àna, ta ló tiẹ̀ kọ dáyámọ́ńdì sí lísìtì wa? Iyùn àti sẹ̀gi làwọn ìyá wa mọ̀.

Mo kọ́kọ́ ro ti moissanite, òkúta tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe tó jọ dáyámọ́ńdì. Ọ̀rẹ́ mi kan fi fẹ́yàwó, ó le dáadáa, kì í tètè ha, owó ẹ̀ ò sì pani. Ṣùgbọ́n ó ń tan yanranyanran bíi iná pátì, ojú mi ò gbà á. Ẹ ṣọ́ra fún un náà o, torí ẹ̀rọ kékeré bíi bírò tí wọ́n fi ń dán dáyámọ́ńdì wò, bí ooru ṣe ń gba inú òkúta kọjá ló ń yẹ̀ wò, ó sì máa ké fún moissanite pẹ̀lú. Tẹ́nì kan bá jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ké níwájú ẹ, kò tíì fi nǹkan kan hàn ẹ́.

Bùkọ́lá fẹ́ràn búlúù, mo wá ní sáfáyà, òkúta iyebíye aláwọ̀ búlúù, ni màá wá. Ìwà wàràwàrà mi, mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún, ó mọ́ roro bí omi. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló ní kí n gbé e lọ bá Bàbá kan tó mọ̀ nípa òkúta ní Jos, ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará wa ti pẹ́ níbẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ ní Nyanya láàárọ̀ kùtù, a gba Keffi àti Akwanga.

Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá ní kí n gbé e wá. Wọ́n tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n fún mi ní awò kékeré, wọ́n ní kí n gbé e mọ́ ojú mi kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ní mo rí nǹkan róbótó-róbótó bí ìfófòó ọṣẹ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Ìgò lo rà, ọmọ mi." Wọ́n wá tú ọ̀rá kan sílẹ̀, sáfáyà Mambilla láti Taraba, wọ́n ní kí n wo ìyẹn. Àwọ̀ búlúù ẹ̀ tò ní ìlà gbọọrọ, wọ́n sì pàdé ní igun, bí ìlà ara aṣọ òkè. Wọ́n ní ti ilẹ̀ nìyẹn. Sáfáyà tí èèyàn fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nínú iná, ìlà tiẹ̀ máa ń tẹ̀ kọrọdọ bíi ti ara àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Mo bèèrè bóyá wọ́n ti fi iná sè é kí àwọ̀ ẹ̀ lè dára sí i, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ò parọ́ fún mi, ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Kárátì kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Wọ́n pè é ní ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún, mo ná an, mo ná an, mo san igba lé mẹ́wàá.

Góòlù ló wá gbówó lórí. Màámi fún mi ní ṣéènì Saudi wọn tó ti já, Málàm tó ń ṣe òrùka ní Wuse wọ̀n ọ́n níwájú mi, ó yọ́ ọ lójú mi, mo jókòó tì í títí ó fi tutù, kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán an, àmọ́ mo jókòó tì í. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni ìwọ̀n ìka. Òrùka Bùkọ́lá kan ni mo jí mú lọ wọ̀n, mi ò mọ̀ pé ìka àárín ló ń wọ̀ ọ́ sí. Ọjọ́ tí mo bẹ̀ ẹ́, ó ní òun gbà, ó na ọwọ́, òrùka yọ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ bọ́ sínú àwo pẹ́pẹ́súùpù.

Nígbà tí Àǹtí rí i wọ́n ní, "Ó jọ sẹ̀gi ìyá mi." Wọ́n yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, wọ́n bi mí bóyá Bàbá Jos ní òmíràn. Òrùka ti wà lọ́wọ́ Málàm báyìí, ó ń bá wa dín in kù. Ogójì ẹgbẹ̀rún ṣì kù tó ń bèèrè lọ́wọ́ mi, mo ní kó di Jímọ̀.