Bí «ẹ̀kọ́» ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bá ìṣòro yìí jà ní yàrá mi ní Tanke, nílùú Ìlọrin. Ètò ìwé atúmọ̀ èdè kan tó jẹ́ open source (ẹnikẹ́ni lè wo kóòdù rẹ̀ kó sì tún un ṣe) kì í rí «ẹ̀kọ́» tí mo bá tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú rẹ̀.

Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò ní àmì kan ṣoṣo fún ẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ àti àmì ohùn, ó sì lè jẹ́ è àti àmì ìsàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹnìkan ti dábàá pé ká yọ gbogbo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ dànù. Mi ò gbà rárá! Ṣé ẹ̀kọ́ ilé-ìwé àti ẹ̀kọ tí à ń fi àkàrà mu á wá di ọ̀kan náà ni?

Mo fi normalize ti Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), irú NFC tó ń sọ ọ̀nà ìkọ méjèèjì di ọ̀kan, sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá tẹ̀. Test, ìyẹn ìdánwò tó ń wò bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kọ̀ ọ́. Àṣé ó yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè náà pẹ̀lú. Mo ṣe é, ó kọjá.

Mo fi pull request, ìyẹn ìbéèrè pé kí wọ́n gba àtúnṣe mi, ránṣẹ́, alábòójútó ètò náà sì gbà á wọlé. Nígbà tí àbúrò mi tẹ «ẹ̀kọ́» lórí fóònù rẹ̀ tó sì jáde, mo fò sókè.